Ṣé Atẹ́gùn Òkun Lè Tan Iná Èkó? Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́kọ́ Wọ̀n Ọ́n Ná

Láti àárọ̀ Ẹtì tó kọjá ni wọ́n ti múná lọ ládùúgbò wa ní Costain. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi lọ sọ́dọ̀ bọ̀dá tó ń bá èèyàn ṣáàjì. Jẹnẹrétọ̀ wọn ń pariwo, atẹ́gùn sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ láti ọ̀nà ọ̀sà. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọ̀rọ̀ iná ni mò ń kà ní yunifásítì, wọ́n ní: "Àbúrò, òyìnbó ń ri fáànù ńláńlá mọ́ inú òkun, ó ń fún wọn níná. Òkun ò jìnnà sí wa. Kí ló dé táwa ò ṣe é?"

Ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ ká jọ tú u wò.

Fáànù ilé ń gba iná, ó ń fún wa ní atẹ́gùn. Tọ́báìnì ń gba atẹ́gùn, ó ń fún wa níná. Denmark ló kọ́kọ́ to irú rẹ̀ sínú òkun, ní Vindeby, lọ́dún 1991. Mọ́kànlá péré ni. Wọ́n lò ó fún nǹkan bí ọdún 25 kí wọ́n tó tú u ní 2017. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Bí eré atẹ́gùn bá di ìlọ́po méjì, agbára inú rẹ̀ máa ń di ìlọ́po mẹ́jọ: 2 × 2 × 2. Ká ní tiwa ń sáré mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí tiwọn ń sáré 10, ìdá kan nínú mẹ́jọ agbára tiwọn la máa rí. Owó irin, wáyà àti ọkọ̀ òkun ò sì ní torí ẹ̀ dínkù. Bẹ́ẹ̀, a sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé. Atẹ́gùn ibí kì í le tó ti Òkun Àríwá.

Nítorí náà, wíwọ̀n ló yẹ kó ṣáájú. Ká gbé ẹ̀rọ ìwọn-atẹ́gùn sójú òkun fún ọdún kan gbáko, ó kéré tán, torí atẹ́gùn oṣù kẹjọ ò jọ ti ọyẹ́. Ká bi àwọn apẹja Ègùn àti Ìlàjẹ níbi tí wọ́n ń da àwọ̀n sí. Ká mọ ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọ Àpápá, àti ibi tí wáyà máa gbà gúnlẹ̀. Ká sì mọ ẹni tó máa tún un ṣe tó bá bàjẹ́. Lórí ilẹ̀ pàápàá, ní Lambar Rimi ní Katsina, iṣẹ́ tọ́báìnì 37, tí gbogbo ẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 10, falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Òfin iná mànàmáná ọdún 2023 ti fàyè gba ìpínlẹ̀ láti ṣètò iná tiwọn. Tí ìwọ̀n bá fi hàn pé atẹ́gùn wa ò tó, ká kówó náà lé iná oòrùn.

Bọ̀dá rẹ́rìn-ín. "Ṣé epo la ó máa rà títí tẹ́ ẹ fi máa wọ̀n ọ́n tán?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, bọ̀dá. Ṣùgbọ́n tá a bá da owó sókun lásán, epo náà la ó tún padà wá máa rà."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ tètè lọ wọ̀n ọ́n, jọ̀ọ́."