Ẹsẹ̀ Tuntun lórí Àtẹ̀gùn Ọjọ́ta

Ẹni tó ní ẹsẹ̀ méjì pàápàá, kí ó tó gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ Ọjọ́ta dé òkè, yóò ti máa mí hẹlẹhẹlẹ. Báwo wá ni ti ẹni tí jàm̀bá ọkọ̀ tàbí àìsàn ti gba ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọ̀nà Ìkòròdú kan náà tó gba Ọjọ́ta kọjá ló máa gbé e dé Ìgbóbì, níbi tí Ilé Ìwòsàn Eegun ti Ìjọba Àpapọ̀ wà. Ọdún 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó farapa nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n ń ṣe ẹsẹ̀ àti ọwọ́ àtọwọ́dá níbẹ̀.

A kì í ra ẹsẹ̀ bí ẹni ra bàtà. Ojú ọgbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jinná, kí ó má wú mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa ń mú àwòṣe kùkùté ẹsẹ̀ náà, kí wọ́n tó ṣe ihò tí yóò wọ̀. Bí ihò náà bá fún jù, yóò bó awọ. Bí ó bá tóbi jù, ẹsẹ̀ yóò máa yọ. Nítorí pé kùkùté máa ń fọn sí i, pàápàá lọ́dún àkọ́kọ́, dandan ni kí a padà lọ tún un ṣe.

Ibi tí a ń gbé náà ṣe pàtàkì. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Ram Chandra Sharma àti Dókítà P. K. Sethi ṣe ẹsẹ̀ onírọ́bà ní Jaipur, ní Íńdíà, èyí tí ènìyàn lè fi rìn láìwọ bàtà, kí ó sì fi lóṣòó. Nílé wa níhìn-ín, ní Uyo, John Amanam tó dá Immortal Cosmetic Art sílẹ̀ ń ṣe ọwọ́, ẹsẹ̀ àti etí tó bá àwọ̀ dúdú wa mu.

Ọwọ́ oníbátìrì tún wà. Bí iṣan bá sún kì, iná mànàmáná táṣẹ́rẹ́ máa ń jáde lára rẹ̀. Ohun tó fara kan awọ yóò gbà á, ẹ̀rọ yóò sì di ìka tàbí kí ó là á.

Síbẹ̀, ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run dá ló dára jù. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kí ó máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá di eegun tó ṣẹ́ le jù, tí ìka tutù, tí ó kú tàbí tí ó ń dúdú, ẹ má dúró di ọ̀la: ẹ ní kí wọ́n tú u, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Àtẹ̀gùn Ọjọ́ta kò ní kúrú nítorí ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ tuntun gùn ún, ẹ má tì í, ẹ má sì sáré na náírà sí i. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń tiro ló ń ṣagbe. Ẹ fi irin ìdìmú sílẹ̀ fún un. Òun náà ń lọ síbi iṣẹ́.