Ọkọ̀ Epo Tí A Sọ Di Ọkọ̀ Oníná: Ohun Tí A Rí àti Ohun Tí A Pinnu

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì ilé-ìwé wa dákẹ́ pátápátá ní ọdún tí ó kọjá, ìbéèrè kan ti ọ̀dọ̀ àwọn òbí wá sọ́dọ̀ àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ń gbé ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ pé àwọn ènìyàn kan ń yọ ẹ́ńjìnnì kúrò nínú ọkọ̀, tí wọ́n sì ń fi bátìrì rọ́pò rẹ̀. Ǹjẹ́ a kò lè fi owó àjọ̀dún yìí ṣe bẹ́ẹ̀ fún bọ́ọ̀sì náà, kí a bọ́ lọ́wọ́ owó epo? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti eré. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo, lítà bẹntiróòlù kan tí kò tó 200 náírà kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sì dúró síbẹ̀. Àwọn ọmọ kan ń fi ẹsẹ̀ rìn wá sí ilé-ìwé báyìí, tí wọn a sì dé lẹ́yìn tí àdúrà òwúrọ̀ ti parí. Nítorí náà ni àwa mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ ṣe gbéra lọ sí ìpàdé àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí, kí a lè fi ojú ara wa rí i.

Ìpàdé náà wáyé ní ọjọ́ Sátidé kan, ní àgbàlá ilé-ìwé girama kan tí kò jìnnà sí ìlú San Jose ní ìpínlẹ̀ California. Kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan tí ń polówó ọjà níbẹ̀. Àwọn tí ó wá jẹ́ olùkọ́, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, mẹkáníìkì, àti ìyá kan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó irin tí bátìrì ọkọ̀ rẹ̀ jókòó lé. San Jose kan náà ni Walter Laski ti dá ẹgbẹ́ Electric Auto Association sílẹ̀ ní ọdún 1967, ní àkókò tí ẹni tí ó bá fẹ́ ọkọ̀ oníná ní láti ṣe é fúnra rẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu ni ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀. Ọkọ̀ kan gba ẹ̀yìn wa kọjá, a kò sì mọ̀ títí táyà rẹ̀ fi tẹ òkúta wẹ́wẹ́. Olúkúlùkù ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí ó ṣí àpótí aṣọ ìyàwó.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun tuntun ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, ọkọ̀ oníná wà ní ìgboro Amẹ́ríkà dáadáa. Kódà Clara, aya Henry Ford tí ń ta ọkọ̀ epo fún gbogbo ayé, ọkọ̀ oníná Detroit Electric ti ọdún 1914 ni òun ń wà. (Ẹ̀rín pa wá nígbà tí a gbọ́ èyí.) Epo tí ó dínwó, àti ẹ̀rọ tí ń jí ẹ́ńjìnnì láìjẹ́ pé a fi ọwọ́ yí i, èyí tí ó dé inú ọkọ̀ Cadillac ní 1912, ni ó jùmọ̀ lé ọkọ̀ oníná kúrò lójú títì.

Bí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà nìyí. Wọn a yọ ẹ́ńjìnnì, táńkì epo, sàlẹ́ńsà àti rédíétọ̀, ṣùgbọ́n wọn a fi gíáàbọ̀sì sílẹ̀. Ní ipò ẹ́ńjìnnì, wọn a de ẹ̀rọ oníná kan mọ́ gíáàbọ̀sì, irú èyí tí ó wà nínú ọkọ̀ tí ń gbé ẹrù sókè ní ilé ìkẹ́rùsí. Irin pẹlẹbẹ kan ni yóò so méjèèjì pọ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ sì ti le jù. Bí àárín ẹ̀rọ bá fi ìwọ̀n fọ́nrán irun yẹ̀ kúrò ní àárín gíáàbọ̀sì, yóò máa gbọ̀n títí yóò fi ba ara rẹ̀ jẹ́. Láàárín bátìrì àti ẹ̀rọ ni àpótí aṣàkóso wà. Bí awakọ̀ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, àpótí yìí ni ó ń wọn iná fún ẹ̀rọ, díẹ̀ tàbí púpọ̀. Ohun kékeré kan tún wà tí aláìmọ̀ máa ń gbàgbé: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ó ń gba ìrànlọ́wọ́ bíréèkì láti inú afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà. Bí ẹ́ńjìnnì bá lọ, bíréèkì a le bí òkúta, àfi bí a bá fi ẹ̀rọ kékeré mìíràn tí ń fa afẹ́fẹ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ nígbà tí a dé orí bátìrì. Àwọn àgbà iṣẹ́ náà lo bátìrì olójé, irú ti ọkọ̀ pápá gọ́ọ̀fù. Mẹ́rìnlélógún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 6 ń fún wọn ní fóòtì 144. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó nǹkan bí kílò 28, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ kílò 672, bí ẹni pé àgbàlagbà mẹ́sàn-án ti jókòó sínú ọkọ̀ kí awakọ̀ tó wọlé. Lónìí, bátìrì lítíọ́ọ̀mù 45 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 3.2 ń mú fóòtì 144 kan náà wá, gbogbo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí kílò 150 lọ. Bí wọ́n bá jẹ́ ti áńpìà-wákàtí 100, agbára wọn jẹ́ 14,400 wáàtì-wákàtí. Bàbá kan tí ó ti kọ́ni ní físíìsì rí fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìyókù ìṣirò náà sí ilẹ̀ fún wa: kò dára kí a lo bátìrì tán, nítorí náà kí a ka ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí í ṣe 11,520, ọkọ̀ kékeré ń jẹ nǹkan bí 180 fún kìlómítà kan, ọkọ̀ náà yóò rin kìlómítà 64. Ó fa ìlà sí abẹ́ 64, ó ní ẹni tí ó bá ṣèlérí ju bẹ́ẹ̀ lọ fún wa fẹ́ ta nǹkan ni.

Ọ̀kan nínú wa bi í léèrè pé bí a bá gbé fáànù sí iwájú ọkọ̀, ǹjẹ́ afẹ́fẹ́ kò ní máa ṣájì bátìrì bí a ti ń lọ? Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bátìrì kan náà ni ó ń san owó afẹ́fẹ́ tí ń yí fáànù, nítorí fáànù yóò máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ohun tí a bá rí gbà kò lè tó ohun tí a ná. Pánẹ́ẹ̀lì oòrùn yàtọ̀ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀: bí oòrùn bá tàn dáadáa fún wákàtí márùn-ún sí pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 300 lórí ọkọ̀, 1,500 ni yóò mú wá, èyí tí kò ju kìlómítà mẹ́jọ lọ. Ó sàn kí pánẹ́ẹ̀lì púpọ̀ wà lórí òrùlé kíláàsì, kí ọkọ̀ wá gba iná níbẹ̀.

Ní ti ewu, a bẹ ẹ̀yin òbí kí ẹ fi ara balẹ̀ ka ibí yìí. Bátìrì fóòtì 12 tí a mọ̀ kì í sábà ṣe ènìyàn ní nǹkan bí ọwọ́ bá kàn án. Fóòtì 144 lè pa ènìyàn. Iná bátìrì kì í sì í fẹ́ já bí iná ilé. Ṣíìṣì ilé tí a bá fi pa á lè máa jó lọ. Fíúsì tí a ṣe fún irú iná bẹ́ẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ lò, pẹ̀lú ṣíìṣì àgbà tí ọwọ́ awakọ̀ lè tètè tó. Ọkùnrin kan fi àpá hàn wá ní ìka tí ó fi ń wọ òrùka ìgbéyàwó: sípánà rẹ̀ kan orí bátìrì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, òrùka sì gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò wọ òrùka tàbí aago dé ìdí ọkọ̀ mọ́, kì í sì í dá nìkan ṣiṣẹ́.

A wá gbé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì wa kalẹ̀. Wọ́n bèèrè ìwọ̀n rẹ̀, iye ọmọ tí ń wọ̀ ọ́, òkè tí ó ń gùn, àti iye kìlómítà tí ó ń rìn lóòjọ́, a sì dáhùn pé ó tó 90. Wọ́n bèèrè wákàtí mélòó tí iná ń wà lóru ní ìlú wa. Wọ́n bèèrè ẹni tí yóò tún un ṣe bí ó bá dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ọmọ nínú rẹ̀. A kò rí èsì fún èyí. Ìmọ̀ràn wọn ṣe kedere: kí a tún ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì náà ṣe. Ó dùn wá, a kò ní purọ́. A rántí ọkùnrin inú Lúùkù orí kẹrìnlá tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́.

Síbẹ̀, wọn kò dá wa padà lọ́wọ́ òfo. Volkswagen ìjàpá kan wà níbẹ̀ tí a pẹ́ jù lọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìjàpá fúyẹ́, kò ju nǹkan bí kílò 800 lọ. Bóòtù mẹ́rin péré ni ó so ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́ gíáàbọ̀sì. Kò ní rédíétọ̀ rárá. Ẹ̀yin náà rántí ìjàpá tí ó wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ọ̀gá àgbà, ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n tò ní Èkó lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ Volkswagen ṣí ní ọ̀nà Badagry ní 1975. Ní 2014, Segun Oyeyiola, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, sọ irú ìjàpá bẹ́ẹ̀ di ọkọ̀ tí kò lo epo. Ní 2019, Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka gbé ọkọ̀ oníná Lion Ozumba 551 jáde.

Nítorí náà, owó àjọ̀dún yóò kọ́kọ́ tún ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì ṣe. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù ni a ó fi sọ ìjàpá náà di iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì àgbà. Fóòtì 48 ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ewu rẹ̀ kéré. Kò ní yára, kò sì ní jáde ní géètì. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ṣì ń sọ pé ohun ìṣeré ni a fẹ́ fi owó rà nígbà tí òrùlé yàrá ìkàwé ń jò, a kò sì dá wọn lẹ́bi. A ó jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé gbogbogbòò. Réwáyà kan tí ó mọ iṣẹ́, tí ó sì lè máa wá ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ni a ń wá báyìí. Kọ́kọ́rọ́ ṣíìṣì àgbà yóò wà lọ́wọ́ olùkọ́ físíìsì, èkejì yóò sì wà lọ́wọ́ alága ẹgbẹ́ òbí.