Ẹja tí wọ́n ń sanwó láti dá padà sómi: kí ni odò Pénéssoulou lè rí kọ́ níbẹ̀?

Kí ènìyàn wọ bàálù láti òkè òkun, kó san owó ńlá, kó wọ inú igbó lọ, kó fi ìwọ̀ mú ẹja tó wúwo ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, kó sì dá a padà sómi láàyè. Lójú ẹni tó ń ta ẹja gbígbẹ lọ́jà Bassila tàbí Manigri, ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí àwàdà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ni ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan, àwọn abúlé kan sì ń rí owó níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kan Pénéssoulou, nítorí odò inú igbó tí ẹja ńlá ṣì wà nínú rẹ̀ ni irú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀ ń wá kiri. Pénéssoulou, Alédjo, Manigri àti Bassila fúnra rẹ̀ ni agbègbè mẹ́rin tó para pọ̀ di kọ́mùnù Bassila. Igbó ọba wà ní Pénéssoulou, igbó Wari-Maro àti igbó Monts Kouffé sì wà níhà ìlà oòrùn. Odò Térou ń ṣàn lọ pàdé Ouémé, odò tó ń rin nǹkan bíi kìlómítà 500 kó tó dé ọ̀sà ní gúúsù Benin.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Kì í ṣe àwọ̀n, kì í sì í ṣe ìgèrè. Ọ̀pá ìpẹja, okùn tín-ín-rín àti ìwọ̀ ni wọ́n ń lò. Igi, irin tàbí ìyẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe ìdẹ rẹ̀, kó lè jọ ẹja kékeré lójú ẹja ńlá. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń tẹ ẹ̀gún kékeré ẹnu ìwọ̀ náà pẹlẹbẹ, kó má baà ya ẹja lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá ń yọ ọ́.

Amọ̀nà ni ọ̀gá iṣẹ́ náà. Òun ló mọ ibú tí ẹja ń sá sí, ibi tí àpáta wà lábẹ́ omi, àti ibi tí erinmi tàbí ọ̀nì ń gbé. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti ìwé. Ọmọ apẹja tó dàgbà létí odò ló ní in.

Bí ẹja bá jẹ ìwọ̀, wọ́n á fà á wá sí etí omi. Wọ́n á kọ́kọ́ fi omi rẹ ọwọ́ kí wọ́n tó dì í mú, nítorí ọwọ́ gbígbẹ máa ń bó ohun yíyọ̀ tó ń dáàbò bo ara ẹja. Wọ́n á ya àwòrán kíákíá, wọ́n á sì dì í mú nínú omi títí yóò fi lè lúwẹ̀ẹ́ lọ fúnra rẹ̀.

Ẹja méjì ló gbajúmọ̀ jù nínú àwọn odò wọ̀nyí. Èkíní ni èyí tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní capitaine, tí àwọn Hausa sì ń pè ní giwan ruwa, ìyẹn erin omi. Èyí tó tóbi jù nínú ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé fún ẹja tí wọ́n fi ọ̀pá mú wúwo tó kílò 104, ó ju àpò sìmẹ́ǹtì méjì lọ. Adágún Nasser ní Íjíbítì ni wọ́n ti mú un lọ́dún 2000. Èkejì ni tigerfish, eléyín gígùn, tó máa ń fò sókè lójú omi bí ìwọ̀ bá ti kọ́ ọ lẹ́nu. Wáyà ni wọ́n ń so mọ́ ìwọ̀ tirẹ̀, nítorí eyín rẹ̀ lè gé okùn lásán.

Níbi tí wọ́n ti ń jẹ èrè rẹ̀

Ní Uganda, àjọ tó ń bójú tó ẹranko igbó ló ń ta ìwé àṣẹ fún àwọn tó fẹ́ fi ọ̀pá wá capitaine nísàlẹ̀ ìtàkìtì omi Murchison, lójú odò Náìlì.

Ní àríwá Cameroon, àwọn apẹja òkèèrè máa ń lọ sí odò Faro nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Inú Benue ni Faro ń ṣàn sí, Benue sì ń bọ̀ wá pàdé Ọya ní Lokoja. Àwọn tó ń ṣọdẹ láìgbàṣẹ àti àwọn tó ń wa góòlù ń da odò náà láàmú, ìdí nìyẹn tí níní ènìyàn létí omi fi wúlò: ojú tó ń wo ẹja náà ń wo olè.

Ní Lesotho, àwọn ará Makhangoa tó wà létí odò Bokong bá ilé-iṣẹ́ kan dá àgọ́ àlejò sílẹ̀. Ìlú ní ìpín nínú owó tí àlejò ń san. Ẹja tí wọ́n ń wá níbẹ̀ kò tó capitaine rárá, ṣùgbọ́n àdéhùn ti wà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Pendjari

Benin náà mọ irú àlejò bẹ́ẹ̀. Pendjari ti di pákì orílẹ̀-èdè láti ọdún 1961, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń jẹun tẹ́lẹ̀ lára àwọn tó ń wá wo ẹranko. Ṣùgbọ́n ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, àwọn agbébọn jí arìnrìn-àjò ará Faransé méjì gbé níbẹ̀, wọ́n sì pa amọ̀nà wọn, ọmọ Benin. Láti ìgbà náà ni ìkọlù ti ń pọ̀ sí i ní àríwá, tí àlejò sì ń sá. Bassila jìnnà sí Pendjari, àmọ́ ẹ̀kọ́ náà ṣe kedere: iṣẹ́ tó gbé gbogbo ara lé àlejò lè dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Bí odò bá kú ńkọ́?

Ìgbà òjò kan ṣoṣo la ní lọ́dún ní agbègbè wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi á fà, ẹja á sì kóra jọ sínú ibú díẹ̀. Ìgbà náà ni ẹni tí kò ní sùúrù máa ń da gàmálìn tàbí májèlé mìíràn sómi. Ẹja ńlá á kú, ọmọ ẹja á kú, màlúù àti ènìyàn á sì mu nínú omi kan náà. Òfin ẹja pípa tí Benin ṣe lọ́dún 2014 ka èyí léèwọ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹja ńlá ló ń yé ẹyin jù. Ẹni tó bá pa á tà lónìí, ó ti ta ẹja ọ̀la pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Ìtàn odò wa tún wà níbẹ̀. Kòkòrò tó ń fa ìfọ́jú etí odò ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò létí omi rí ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Láti ọdún 1974 sí 2002, ètò kan tí Benin wà nínú àwọn méje tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fi hẹlikọ́pítà da oògùn pa ìdin kòkòrò náà nínú odò. Ojú ènìyàn là, oko sì padà sétí omi. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n ó tún túmọ̀ sí pé odò tí ìbẹ̀rù ń ṣọ́ tẹ́lẹ̀ kò ní olùṣọ́ mọ́ àfi àwa.

Ta ni owó náà yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?

Ìbéèrè tó le jù nìyí. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ pé òun fẹ́ mú àlejò wá sí odò, kí ìlú bi í: apá ibo nínú odò ni? Ibo ni àwọn apẹja yóò ti máa rí ẹja jẹ? Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja tà ńkọ́? Àwọn Fúlàní tó ń fún màlúù lómi ńkọ́? Ọmọ ta ni yóò ṣe amọ̀nà, èló sì ni yóò wọ àpò ìlú? Kí ìdáhùn wà lórí ìwé, kí Anii, Ànàgó àti gbogbo ẹni tó ń lo omi náà sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Kò sì yẹ kó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Fífi ẹja sílẹ̀ nínú omi kì í ṣe àṣà òyìnbó nìkan. Ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, wọn kì í pa ẹja odò náà. Ìránṣẹ́ Ọ̀ṣun ni wọ́n kà á sí. Orúkọ oyè Àtáója gan-an, ọ̀rọ̀ ẹni tó tẹ́wọ́ gba ẹja ni. Igbó náà wà nínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé láti ọdún 2005.

Ohun tí Pénéssoulou lè ṣe kò nílò kí àlejò kankan kọ́kọ́ dé: kí a yan ibú kan tàbí méjì tí ẹnikẹ́ni kò ní pẹja nínú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a fi igi etí odò sílẹ̀, kí ẹni tó bá da májèlé sómi sì jẹ́jọ́ níwájú ìlú. Bí àlejò bá dé, ẹja yóò wà fún un. Bí kò bá dé, ẹja yóò wà fún wa.