Ẹ wọn iná inú ọkọ̀ akẹ́rù kí ẹ tó ki ṣájà bọ̀ ọ́

Bí ọkọ̀ bá kó iṣu kúrò ní Òkè-Ọdẹ, tí fóònù awakọ̀ kú lọ́nà, oníbàárà tó ń dúró l'Ékòó kò ní mọ ibi tí ọjà rẹ̀ wà. Ihò iná tó wà nínú ọkọ̀ ni awakọ̀ gbójú lé, bẹ́ẹ̀ iná wọn kò dọ́gba. Fólítì 12 ni ti káà. Ọ̀pọ̀ tírélà tòkúnbọ̀ láti Yúróòpù ń lo 24, torí bátìrì méjì ni wọ́n so pọ̀. Ṣájà tó wà fún 12 nìkan lè jóná níbẹ̀.

Ẹ ní kí rewáyà fi mítà wọ̀n ọ́n: wáyà pupa sí àárín ihò, dúdú sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, bíi 14 tàbí 28 ni yóò fi hàn. Ṣájà tí wọ́n kọ 12-24 sí lára bá méjèèjì mu.

Àwọn rewáyà kan máa ń fa 12 láti ara bátìrì kan ṣoṣo. Ó dà bí ọgbọ́n, àmọ́ ọ̀kan á máa gbẹ, èkejì á máa gba iná jù, méjèèjì á sì tètè kú. Ẹ̀rọ tó ń sọ 24 di 12 ni kí ẹ ní kí wọ́n fi síbẹ̀, pẹ̀lú fíùsì tirẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó ti bátìrì méjì.