Rẹlẹ́ fún Iná Iwájú Ọkọ̀: Bí Ó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ àti Bí A Ṣe Ń So Ó

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àlòkù tó gba èbúté Kútọ̀nù wọlé ni iná iwájú wọn ti ṣe bàìbàì kí wọ́n tó dé Kétu tàbí Ṣábẹ. Ohun tí awakọ̀ sábà máa ń ṣe ni kí ó ra gílóòbù tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, 100 W dípò 55 W. Iná náà á mọ́lẹ̀ sí i fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, swíìṣì tí a fi ń tàn án á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ike rẹ̀ á yọ́, iná méjèèjì á sì kú lẹ́ẹ̀kan náà lójú ọ̀nà Dáṣà sí Ṣábẹ lóru, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń ti Pàràkú bọ̀.

Ohun tí ìwé yìí fẹ́ fi hàn ni pé, lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, gílóòbù kọ́ ni aláìsàn, wáyà ni. A ó ṣàlàyé bí a ṣe ń fi rẹlẹ́ wo àìsàn náà nígbà tí a bá ń yọ iná àtijọ́, èyí tí gíláàsì àti gílóòbù rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tí a sì ń fi iná tó ń lo gílóòbù H4 rọ́pò rẹ̀. Irú iná àtijọ́ yìí nìkan ni òfin Amẹ́ríkà fàyè gbà láti 1940 títí di 1983. Èyí tó rí róbótó tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 178 mm bá ojú ihò kan náà mu pẹ̀lú iná H4, nítorí náà ìyípadà náà kò le lójú. Lára wáyà ni iṣẹ́ wà.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí a ó lò: iná ìsàlẹ̀ ni èyí tí àwọn awakọ̀ wa ń pè ní code, iná òkè ni phare. Rẹlẹ́ ni a kọ níhìn-ín nítorí pé Faransé la ti gbọ́ ọ. Àwọn ará wa ní Ìmẹ̀kọ, lódìkejì ibodè, á pè é ní rìléè.

Oníbodè kì í ru ẹrù

Nínú ọkọ̀ tí kò ní rẹlẹ́, gbogbo iná tí gílóòbù ń jẹ ló ń ti bátìrì wá sí inú ọkọ̀, á gba ojú swíìṣì kọjá, á tún padà lọ síwájú. Gílóòbù 55 W kan ń fa bíi 4.6 A, méjì ń fa 9.2 A. Bí wáyà náà bá jẹ́ 1 mm², tí gígùn rẹ̀ sì tó mítà 5, bíi 0.8 V á ti ṣòfò sínú wáyà nìkan. Kí a tó ka ojú swíìṣì tó ti jó àti ẹnu wáyà tó ti dípẹtà mọ́ ọn, àdánù náà lè ju 1 V lọ dáadáa. Ẹni tí kò mọ̀ á ní kí ni 1 V jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù kì í bá agbára iná rẹ̀ lọ sílẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ó ń yára jù ú lọ. Bí gílóòbù bá pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá V tó yẹ kó gbà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á kù sí nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá.

Ìdí rèé tí gílóòbù 100 W kì í fi í ṣe oògùn. Ó ń fa iná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀, ooru inú wáyà náà á sì ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, nítorí pé bí iná bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Wáyà kan náà ni, swíìṣì kan náà ni.

Ẹni tó bá ti dé Akábà Ìdènà ní Kétu á tètè mọ ohun tí rẹlẹ́ ń ṣe. Oníbodè kì í ru ẹrù. Wọ́n á ránṣẹ́ sí i pé kó ṣílẹ̀kùn, á ṣí i, àwọn tó ru ẹrù á sì kọjá. Nínú rẹlẹ́, wáyà tín-ín-rín kan wà tí a wé mọ́ irin. Bí iná díẹ̀ bá gba inú rẹ̀, ìyẹn bíi 0.15 A, irin náà á di mágínẹ́ẹ̀tì, á fa ahọ́n irin kékeré kan mọ́ra, ẹ ó sì gbọ́ tó dún “kẹ́”. Ahọ́n yìí ló ń ṣílẹ̀kùn fún iná ńlá tó ń bọ̀ tààrà láti bátìrì. Swíìṣì di ẹni tó ń ránṣẹ́ lásán. (Orúkọ Faransé náà wá láti ibùdó tí àwọn ìránṣẹ́ ọba ti ń pààrọ̀ ẹṣin. Lójú tèmi, oníbodè bá iṣẹ́ rẹ̀ mu ju ẹṣin lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ béèrè oníbodè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ á padà wálé lọ́wọ́ òfo.)

Àwọn nọ́ńbà ara rẹ̀

Àwọn ará Jámánì ló to àwọn nọ́ńbà yìí sínú ìlànà DIN 72552, wọ́n sì ti di èdè tí gbogbo oníná ọkọ̀ gbọ́, ì báà jẹ́ Àjàṣẹ́ ni ó ti kọ́ṣẹ́ tàbí Ìmẹ̀kọ. 30 ni iná ńlá ń gbà wọlé láti bátìrì. 87 ló ń gbà jáde lọ sí gílóòbù. 86 àti 85 ni ojú méjèèjì wáyà tín-ín-rín: iṣẹ́ tí swíìṣì rán ń gba 86 wọlé, 85 sì ń lọ sí ara irin ọkọ̀. Nínú ìlànà kan náà, iná òkè ni 56a, iná ìsàlẹ̀ ni 56b, 31 sì ni ara ọkọ̀.

Rẹlẹ́ méjì la nílò, ọ̀kan fún ìsàlẹ̀, ọ̀kan fún òkè. Ẹ kọ́kọ́ yọ ẹnu òdì bátìrì. Ẹ fa wáyà 4 mm² láti ẹnu rere bátìrì wá sí 30 rẹlẹ́ méjèèjì, kí fíùsì 20 A wà lójú rẹ̀, kí ó sún mọ́ bátìrì débi pé wáyà tí kò ní ààbò kò ní ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Láti 87, ẹ fi wáyà 2.5 mm² lọ sí gílóòbù ọ̀tún àti ti òsì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní fíùsì 10 A tirẹ̀. Àwọn kan ń fi fíùsì kan ṣoṣo ṣe gbogbo rẹ̀ nítorí owó. Èmi kò fara mọ́ ọn: bí wáyà apá kan bá fara kan irin, fíùsì kékeré apá náà nìkan ló yẹ kó jó, kí awakọ̀ ṣì rí ọ̀nà.

Ẹnu wáyà àtijọ́ tó wà lẹ́yìn iná òsì ni ẹ ó ti gba iṣẹ́ tí swíìṣì ń rán: ojú ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ sí 86 rẹlẹ́ kìíní, ojú òkè lọ sí 86 rẹlẹ́ kejì. Ẹ di ti ọ̀tún, ẹ má gé e.

Wáyà tó ń ti gílóòbù padà sí ara ọkọ̀ ni àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń fojú kéré. Bí ó bá tín-ín-rín, tàbí bí ẹ bá dè é mọ́ ọ̀dà, àdánù tí a lé kúrò lápá kan á gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ fá ọ̀dà títí irin á fi dán, kí ìwọ̀n wáyà náà sì jẹ́ 2.5 mm². Ẹ kọ́ rẹlẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dojú kọlẹ̀, kí omi òjò má dúró sí i.

Ti Toyota yàtọ̀

Lára ọ̀pọ̀ Hilux àti Land Cruiser àtijọ́, swíìṣì kò sí lọ́nà ibi tí iná ń gbà wọlé. Ọ̀nà ibi tó ń gbà padà ló wà. Bí a bá ti tan iná, ojú kan nínú mẹ́ta ẹnu wáyà náà á máa ní iná rere, swíìṣì á wá so ojú ìsàlẹ̀ tàbí ojú òkè mọ́ ara ọkọ̀. Ẹni tó bá so irú ọkọ̀ yìí bí mo ti wí lókè kò ní gbọ́ “kẹ́” rárá, nítorí pé ara ọkọ̀ ni 85 àti 86 jọ ń fọwọ́ kàn. Ẹ so ojú tó ní iná rere mọ́ 86 rẹlẹ́ méjèèjì, kí ojú ìsàlẹ̀ lọ sí 85 ọ̀kan, kí ojú òkè lọ sí 85 èkejì. Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ fi gílóòbù àyẹ̀wò kékeré tó ń jẹ iná díẹ̀ dán ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tan iná, kí ẹ wọn V ẹnu bátìrì, kí ẹ sì wọn ti ẹ̀yìn gílóòbù. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju 0.5 V lọ, ẹnu wáyà kan kò mú.

Ojú ẹni tó ń bọ̀

Ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ sí i lè fọ́ ẹlòmíràn lójú. Apá ọ̀tún la ń gbà ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, Nàìjíríà náà sì ti ń gbà á láti 1972. Gíláàsì tí wọ́n ṣe fún ìlú tó ń gba apá òsì, bíi Gẹ̀ẹ́sì àti Japan, á máa gbé ìmọ́lẹ̀ lọ sí ojú ẹni tó ń bọ̀. Ẹ wo ara gíláàsì ti ìlànà Yúróòpù kí ẹ tó sanwó: èyí tó ní ọfà kan ṣoṣo jẹ́ ti apá òsì, èyí tí kò ní ọfà jẹ́ tiwa, èyí tí ọfà rẹ̀ lórí méjì sì ṣe é yí sí ibi tó wù wá.

Ẹ gbé ọkọ̀ sí mítà 10 sí ògiri lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ iná ìsàlẹ̀ ti gé lára ògiri gbọ́dọ̀ fi bíi 10 cm rẹlẹ̀ ju gíga àárín iná ọkọ̀ náà lọ. Ọkọ̀ èrò tó ń gbé iṣu àti àpò àgbàdo sẹ́yìn á gbé imú sókè, nítorí náà ẹrù ni kí ẹ kọ́kọ́ dì sí i, kí ẹ tó yí ìdè iná.