Iyọ̀ Tánganran àti Bí A Ti Í Pa Á Mọ́

Nígbà tí a bá dárúkọ iyọ̀, iyọ̀ ọbẹ̀ ni ó sábà máa ń wá sí ọkàn ènìyàn. Ṣùgbọ́n lójú àwọn onímọ̀ kẹ́místrì, iyọ̀ ni ohun tí ó ń jáde nígbà tí háídrójìn inú ásíìdì bá fi àyè sílẹ̀ fún mẹ́táàlì. Ọ̀kan nínú irú wọn ni iyọ̀ tánganran, SnCl₂. Òkúta tí a ti ń yọ tánganran yìí ni a ń wà nínú ilẹ̀ ní agbègbè Jos.

Bí a bá fi tánganran sínú ásíìdì háídrókílórìkì tí ó le, tí a sì gbé e ka iná díẹ̀, háídrójìn yóò máa hó jáde, tánganran yóò sì máa yọ́. Horo funfun tí omi wà nínú rẹ̀, SnCl₂·2H₂O, ni a óò rí níkẹyìn.

Ohun méjì ni í máa ba iyọ̀ yìí jẹ́. Èkíní ni omi. Bí a bá bu omi púpọ̀ lé e, yóò funfun bí omi ògì, nítorí pé omi ti sọ apá kan rẹ̀ di Sn(OH)Cl tí kì í yọ́. Nítorí náà, ásíìdì ni a kọ́kọ́ fi ń po ó kí a tó bu omi sí i. Èkejì ni afẹ́fẹ́. Ọ́síjìn a máa gba ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì lọ́wọ́ rẹ̀, Sn²⁺ a sì di Sn⁴⁺. Ègé tánganran tí a bá jù sínú ìgò ni yóò dá a padà: Sn + Sn⁴⁺ → 2Sn²⁺.

Èé ṣe tí a fi ń ṣe wàhálà tó báyìí? Ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì wọ̀nyí gan-an ni agbára rẹ̀. Òun ni a fi ń dá mákúrì mọ̀. Bí a bá kán an sínú omi HgCl₂, ohun funfun, Hg₂Cl₂, ni yóò kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀. Bí a bá kán an sí i, yóò dúdú bí eérú, èyí tí í ṣe mákúrì fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gbogbo iyọ̀ inú ìgò bá ti di Sn⁴⁺, kò ní fi ohunkóhun hàn, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí mákúrì níbi tí májèlé náà wà.

Nítorí náà, kí olùkọ́ kọ ọjọ́ tí ó po ó sára ìgò, kí ó sì kọ́kọ́ fi omi tí ó mọ̀ dájú pé mákúrì wà nínú rẹ̀ dán an wò. Kí ó má sì ṣe da ìdọ̀tí mákúrì náà sí gọ́tà. Bí ẹlẹ́rìí bá dákẹ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wádìí bóyá ó ṣì lè sọ̀rọ̀.