Ajá tó ń gbó mọ́ gbogbo ẹni tó bá kọjá: ohun tẹ́ ẹ lè ṣe

Ládùúgbò wa ní Àgùdà, Sùúrùlérè, tí kẹ̀kẹ́ Máruwá bá ti yà wọlé báyìí, bí ajá mẹ́rin ló máa dá a lóhùn. Mọ́là oníṣúyà kọjá, wọ́n gbó. Ọmọ iléèwé kọjá, wọ́n gbó. Ọ̀pọ̀ onílé á ní ajá ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, títí Bíńgò mi fi já ṣéènì, tó gbá tẹ̀lé ọmọ kékeré kan tó wá ra píọ̀wọ́tà. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó yára ti géètì ni kò fi rí i bù jẹ.

Ẹ wò ó, ajá tẹ́ ẹ so mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kò lè sún mọ́ ohun tó ń rí, kò sì lè sá fún un. Gbígbó ló kù. Ó gbó mọ́ oníkiri, oníkiri bá tirẹ̀ lọ. Lójú ajá, òun ló lé e. Lọ́la á tún gbó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá wá ń pariwo "Dákẹ́!" látinú ilé, ó lè rò pé ẹ ń bá òun gbó ni.

Ẹ̀dọ̀ màlúù sísè tí mo gé wẹ́wẹ́ ló gbà mí. Láràárọ̀, kí n tó fún un lóúnjẹ, mo máa ń fi okùn mú un dúró lẹ́yìnkùlé fún ìṣẹ́jú 10, jìnnà sí géètì. Tí kẹ̀kẹ́ bá dún lọ́ọ̀ọ́kán, tó gbọ́, tí kò gbó, ẹ̀dọ̀ ti dé ẹnu rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi falẹ̀, kò ní mọ ohun tó gbà á fún. Tó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ sún díẹ̀ sí géètì. Tó bá bú sí gbígbó, ẹ ti kánjú jù nìyẹn, ẹ padà sẹ́yìn. Ẹ má nà án o: ajá tí wọ́n ń nà nígbàkigbà tí àlejò bá dé á gbà pé àlejò ló ń fa ẹgba. Ata táwọn kan sì ń fún ajá kó lè burú, inú lásán ló ń ta á.

Ọmọ ajá ló rọrùn jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí bí ọ̀sẹ̀ 12, ẹ jẹ́ kó mọ ariwo jẹnẹrétọ̀, agbòjò àti ọmọdé, kó má baà máa bẹ̀rù wọn tó bá dàgbà. Bíńgò ti lé lọ́dún mẹ́rin kí n tó bẹ̀rẹ̀, bí oṣù méjì ló gbà wá, bánga oṣù Kejìlá ṣì ń já a láyà.

Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọọdún ńkọ́? Ìyẹn ò ṣeé fo. Tí ajá bá bu èèyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sì gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an, torí tí àmì àìsàn náà bá ti yọ, ó ṣọ̀wọ́n kí èèyàn yè é.

Géètì wa ti dákẹ́ díẹ̀ báyìí. Ọmọ yẹn ṣì máa ń gba òdìkejì títì kọjá.